Èédú Kì í Rú Èéfín

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹwàá

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ojú lọ́nà. Màmá ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ńkọ́? Mo dọ̀bálẹ̀ láti ibi tí mo wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ibí yìí kì í ṣe ilẹ̀ tí èèyàn ń fẹ́ fi àyà lé.

Mo mọ̀ pé inú yín ò tíì rọ̀ sí mi. Ìgbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, tí mo sọ fún yín pé mo ti tọwọ́ bọ̀wé láti di sójà níbí, ẹ ò bú mi, ẹ ò gégùn-ún. Ẹ kàn pa fóònù. Ìbá sàn kí ẹ bú mi. Ilé iṣẹ́ ẹran tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ti kógbá sílé, ìwé ìgbélùú mi ti fẹ́ tán, wọ́n sì ní ẹni tó bá bá àwọn jagun yóò di ọmọ onílùú. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, mi ò rí ọ̀nà míì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká tún un sọ.

Wọ́n ti gba fóònù lọ́wọ́ gbogbo wa, torí àwọn ọ̀tá lè fi mọ ibi tí a wà. Lẹ́tà nìkan ló kù. Awakọ̀ tó ń gbé oúnjẹ wá ló ń bá wa gbé e lọ sí ìgboro nígbà tí ọ̀nà bá ṣí. Bí ẹ ò bá tètè gbọ́ mi, ẹ má tíì sunkún.

Àwa mẹ́ta la jọ wà nínú ihò kan tí a gbẹ́ sí ojú ogun. Ọ̀kan ń ṣe búrẹ́dì kí ogun tó dé, Oníbúrẹ́dì la ń pè é. Èkejì jẹ́ olùkọ́, Tíṣà là ń pe òun. Èmi, Àlejò ni wọ́n sọ mí. Bàbá, ìjà tí à ń jà jù níbí kì í ṣe ti ìbọn. Ìjà oúnjẹ ni. Ẹ̀wà àti ẹran inú agolo ni wọ́n ń fún wa, òtútù a sì sọ ọ́ di òkúta. Ṣíbí mi ti kán sínú ẹ̀wà. Ẹ má rẹ́rìn-ín o.

Ẹ wá wo ọgbọ́n tí à ń dá. Tí ọkọ̀ bá dé, a ó sáré ki agolo sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kí wọ́n tó já ẹrù tán. Lọ́jọ́ kan, awakọ̀ gbàgbé, ó ṣáná sí ọkọ̀, oúnjẹ wa sì bá a lọ sí ìgboro lójú wa báyìí. Èyí tó wà nínú ọ̀rá, abíyá la máa ń ki í sí, a ó gbá a mọ́ra bí abiyamọ títí yóò fi yọ́. Oníbúrẹ́dì ló kọ́ wa pé kí á da epo ọkọ̀ sínú agolo tó ní iyanrìn, kí á ṣáná sí i. Ó jó dáadáa. Ó jó irun ojú Oníbúrẹ́dì fúnra rẹ̀. Tíṣà ní ó ti jọ ẹyin.

Ẹ gbọ́ tèmi. Mo sọ agolo ẹ̀wà sínú iná láìlu ihò kankan sí i. Ó bú gbàmù! Àwọn tó wà nínú ihò kejì dojú bolẹ̀, wọ́n rò pé ọ̀tá dé. Ẹ̀wà ló dé. Ara ògiri la ti ha á jẹ.

Ṣùgbọ́n èéfín ni wàhálà wa. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí àwọn ọ̀tá máa ń rán sókè, ojú rẹ̀ mú ju ojú àwòdì lọ. Tó bá ti rí èéfín, àdó olóró ló ń tẹ̀lé e. Igi tútù àti páálí nìkan la sì ní. Abúlé tó wà lẹ́yìn wa ti jóná kanlẹ̀, igi òrùlé ibẹ̀ dúdú bí ìkòkò, kò wúlò fún nǹkan kan. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi gbogbo ayé yín fi páànù ṣe sítóòfù, kí lẹ rí sí i?

Ẹ forí jì mí.

Ọmọ yín.

*

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹwàá

Àkọ́bí mi,

Lẹ́tà rẹ dé. N kò tíì kà á tán tí ìyá rẹ fi já a gbà, ó ń gbóòórùn rẹ̀ bíi pé ẹ̀wù ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá ìbọ̀sẹ̀ méjì lò ń wọ̀. Jọ̀ọ́, dá a lóhùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní jẹ́ kí n gbádùn.

Mi ò ní tàn ọ́, inú mi ò dùn. N kò bí ọmọ kó lọ kú sí ìjà àwọn tí n kò mọ ohun tí wọ́n fi ṣe ara wọn. O ní kí á má tún un sọ. Ó dáa, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n má pè é ní ìbínú, fóònù tí mo pa lọ́jọ́ yẹn. Ẹkún ló ń bọ̀, mi ò sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ. Ní ti ìdáríjì tí o tọrọ, ojú kojú la ó sọ ìyẹn nígbà tí o bá dé. Kó o fi mọ̀ pé dandan ni kó o dé.

Ó kan ọ̀rọ̀ iná. Nígbà tí mo ka ibi tí agolo ti bú, mo rẹ́rìn-ín títí tí oníbàárà tó wà níwájú mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí wò mí. Ọmọ ajórinmọ́rin, tó rákò nínú ṣọ́ọ̀bù, tó fi páànù kọ́ ìrìn, ni kò mọ̀ pé agolo gbọ́dọ̀ rí ibi mí! Ọ̀rọ̀ rẹ ni wọ́n ń pa lówe pé ọmọ aláṣọ ń rin ìhòòhò. Fara balẹ̀ kó o gbọ́ mi.

Wá agolo méjì, ńlá kan, kékeré kan. Kí kékeré lè wọ inú ńlá, kó sì ku àyè ìka kan yí i ká. Fi ìṣó lu ihò wẹ́wẹ́ sí ìdí kékeré, kó pọ̀ bí ojú ajọ̀. Gé fèrèsé kan sí ẹ̀gbẹ́ ńlá nísàlẹ̀, ibẹ̀ ni atẹ́gùn yóò máa gbà wọlé. To òkúta mẹ́ta sínú ńlá, gbé kékeré jókòó lé wọn. Ṣẹ́ ẹnu kékeré sókè níbi mẹ́ta, kí ohun tí ẹ̀ ń sè lè rí ibi dúró sí láìpa iná. Rọra ṣe é o, etí páànù mú ju abẹ lọ, o sì mọ̀ pé ọwọ́ rẹ kì í gbọ́ràn.

Ẹ fi igi tútù sílẹ̀. Àwọn igi òrùlé dúdú tí o ní kò wúlò yẹn, kí lo rò pé wọ́n jẹ́? Èédú ni! Ọlọ́run ti sè é fún yín sílẹ̀. Ẹ lọ kó o, ẹ gún un sí wẹ́wẹ́, ẹ fi páálí díẹ̀ ràn án. Èédú kì í rú èéfín. Bó bá ti pọ́n dáadáa, ẹ̀rọ olójú àwòdì yẹn lè bà lé e lórí, kò ní rí nǹkan kan.

Tó o bá ti ṣe é, sọ bó ṣe rí fún mi. Má fi nǹkan kan pamọ́. Mo fẹ́ mọ bí ó ṣe ń jó.

Bàbá rẹ.

*

Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kọkànlá

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́! Ẹ kú ọpọlọ! Ó jó, Bàbá. Ó jó bí iná ọ̀run!

Mo ba agolo mẹ́rin jẹ́ kí n tó rí i ṣe. Páànù gé mi lọ́wọ́ bí ẹ ti wí, mo sì gbọ́ ohùn yín bí ẹ ṣe ń pòṣé. Ṣùgbọ́n nígbà tí tíì àkọ́kọ́ hó, gbogbo wa yí i ká. A kàn ń wo ooru tó ń ti inú ife jáde. Omi bọ́ lójú Oníbúrẹ́dì. Ó ní èéfín ló kó sí òun lójú. Tíṣà ní, “Èéfín wo? Ṣebí èédú ni.” A rẹ́rìn-ín títí Ọ̀gá wa fi bẹ̀ wá wò. Òun náà bu tíì mu, ó ní kí n ṣe ọ̀kan fún òun. Báyìí mo ti ń ṣe é fún àwọn ihò yòókù. Àlejò ti di oníṣẹ́ páànù, ẹ gbà mí o.

Oníbúrẹ́dì tọrọ ìyẹ̀fun lọ́wọ́ awakọ̀, ó po ó pẹ̀lú omi, ó tẹ́ ẹ sórí ọmọrí agolo, ó yan án. Kò dùn rárá. Páálí sàn jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ó gbóná, Bàbá! A pín in bíi pé ẹran ọdún ni. Ó ní kí n kọ èyí sí yín: “Ẹ bá mi kí Bàbá Sítóòfù. Tí ogun bá parí, n ó wá kọ́ wọn ní búrẹ́dì, kí wọ́n kọ́ mi ní páànù.” Bàbá Sítóòfù ni gbogbo wọn ń pè yín níbí. Tíṣà ní òun ò rí ẹni tó wúlò fún ogun bíi yín rí, tí kò sì mú ìbọn dání.

Ẹ sọ fún Màmá pé ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ń wọ̀. Òtútù ti wá le kọjá àfẹnusọ. Òru là ń gbẹ́ ilẹ̀, ọ̀sán la ń sùn. A ti fi pákó bo orí ihò wa, a kó iyẹ̀pẹ̀ lé e, a sì fi bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì dí ẹnu ọ̀nà pinpin kí atẹ́gùn má rí ibi wọlé. Ó ti di ilé gidi. Láti ìjẹta, tí a bá ti se oúnjẹ tán níta, a ti ń gbé sítóòfù wọlé tòun ti ẹ̀yinná inú rẹ̀, yóò sì máa mú ilé móoru títí a ó fi sùn lọ. Láti ìgbà tí mo ti dé ibí, ìjẹta ni mo kọ́kọ́ sùn tí eyín mi ò gbára wọn.

Orí ń fọ́ mi díẹ̀ lónìí, Tíṣà náà ní bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe òun. Iṣẹ́ àṣekúdórógbó ni.

Ẹ ní ojú kojú la ó sọ ọ̀rọ̀ ìdáríjì. Mo ti gbà. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ lè fi díẹ̀ ránṣẹ́ ṣáájú?

Ọmọ yín.

*

Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kejìlá

Àkọ́bí mi,

Gbé iná yẹn jáde.

Bó o bá ń ka lẹ́tà yìí nínú ihò, dìde, ká bùláńkẹ́ẹ̀tì kúrò lẹ́nu ọ̀nà, gbé sítóòfù síta, kó o tó wá ka ìyókù. Mo bẹ̀ ọ́. Mo fi ọmú tí ìyá rẹ fún ọ mu bẹ̀ ọ́.

Orí tó ń fọ́ yín yẹn kì í ṣe ti iṣẹ́. Kì í ṣe èéfín tí ojú ń rí nìkan ló ń pani. Nǹkan kan wà tí èédú máa ń mí jáde, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Nínú ilé tó dí pinpin, ẹni tó bá ń fà á símú, orí ni yóò kọ́kọ́ fọ́ ọ, oorun yóò wá gbé e, kò ní jí mọ́. Kò ní tilẹ̀ mọ̀. Ìta ni ibi èédú. Bí òtútù bá fẹ́ pa yín, ẹ gbá ara yín mọ́ra, ẹ fi òkúta síná kó gbóná kí ẹ wé e sínú aṣọ, ẹ gbé òkúta wọlé, ẹ fi iná sílẹ̀ síta.

Ihò ni o kọ sí mi nínú lẹ́tà àkọ́kọ́. Ihò tí ojú sánmà ń wò ni mo rò. Ìwọ ò sọ òrùlé, ìwọ ò sọ bùláńkẹ́ẹ̀tì.

Mo kọ lẹ́tà yìí ní ẹ̀dà mẹ́ta, mo fi wọ́n ránṣẹ́ ní ọ̀nà mẹ́ta. Mo pe nọ́ńbà rẹ àtijọ́. Obìnrin kan ló gbé e, mi ò gbọ́ èdè rẹ̀. Mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ọmọ mi.” Ohun kan náà ló ń tún sọ. Ìyá rẹ ló sọ fún mi pé ẹ̀rọ ni.

Gbé e jáde.

Bàbá rẹ.

*

Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kejìlá

Àkọ́bí mi,

Mo tún dé. Mi ò tíì rí èsì, mo sì mọ̀ pé èsì ò lè tíì dé, ṣùgbọ́n ọkàn kì í gbọ́ ìṣirò.

Mi ò sọ ti èédú fún ìyá rẹ. Ó bi mí kí ló dé tí n kò jẹun, mo ní inú ló ń run mí. Ó se ẹ̀kọ́ gbígbóná fún mi, ó jókòó tì mí kí n lè mu ún. Mo gbé e dání, mò ń wo ooru tó ń jáde lára rẹ̀ títí ó fi tutù.

Mo máa ń sọ fún ara mi pé yìnyín ló dí ọ̀nà, awakọ̀ ò rí ibi kọjá. Ẹni tí kì í fẹ́ kí òjò bọmọ òun ló wá ń gbàdúrà kí yìnyín jábọ́. Bí ọwọ́ rẹ ò bá lè kọ̀wé, fa ìlà kan ṣoṣo sórí páálí oúnjẹ yín, fi ránṣẹ́. N ó mọ̀ pé ìwọ lo fà á.

Nípa ohun tí o bi mí kẹ́yìn: mo ti dárí jì ọ́. Ó pẹ́ tí mo ti dárí jì ọ́. Ìgbéraga ni kò jẹ́ kí n wí.

Bàbá rẹ.

*

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìíní

Bàbá,

Mo wà láàyè. Ẹ sọ ìyẹn fún Màmá kí ẹ tó ka ìyókù.

Oníbúrẹ́dì ti kú. Tíṣà ti kú. Ó ti lé ní oṣù kan báyìí. Mi ò rí okun kọ ọ́.

Èmi ni ìṣọ́ kàn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Inú ń bí mi pé èmi ni n ó dúró nínú yìnyín nígbà tí àwọn yóò máa hanrun. Oníbúrẹ́dì ló ń pẹ̀tù sí mi lọ́kàn. Ó ní, “Lọ jàre, Àlejò. A ó jẹ́ kí ilé gbóná dè ọ́.” Ó bu èédú kún inú sítóòfù. Mo gbọ́ tí wọ́n ń fa bùláńkẹ́ẹ̀tì dé. Mo dúró síta, mi ò mọ ẹsẹ̀ mi mọ́, mo sì ń sọ nínú ọkàn mi pé ayé ń yẹ àwọn kan.

Nígbà tí ẹni tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi dé, mo sáré wọlé. Ooru gbá mi lójú, ó dùn mọ́ mi. Àwọn méjèèjì sùn lọ fọnfọn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn pọ́n bíi ti ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán. Mo ní, “Ẹ sún fún mi.” Kò sẹ́ni tó sún. Mo tún un sọ. Mo wá fi ẹsẹ̀ ta Tíṣà. Bàbá, mo fi ẹsẹ̀ ta á, torí mo rò pé ó ń ṣe bíi pé òun ò gbọ́.

Ọ̀gá ló wọ́ mi jáde torí èmi náà ti ń ṣubú. Lẹ́yìn náà ló wọ́ àwọn yẹn. Ó gbé sítóòfù sílẹ̀ níwájú mi.

“Ta ló ṣe é?”

“Èmi ni, ọ̀gá.”

“Ta ló kọ́ ọ?”

Mi ò dárúkọ yín. Ó lọ káàkiri, ó kó gbogbo èyí tí mo ti ṣe fún àwọn ihò yòókù, títí kan tirẹ̀, ó fi bàtà tẹ̀ wọ́n pẹlẹbẹ. Ó ní nínú ìwé tí wọn yóò fi ránṣẹ́ sílé wọn, ọ̀tá ló pa wọ́n, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ sọ ohun míì. Èmi ni mo gbẹ́ ilẹ̀ tí a sin wọ́n sí. Ilẹ̀ náà le. Mo ní láti fi àáké là á.

Àná ni ọ̀nà ṣí. Awakọ̀ kó lẹ́tà yín méjèèjì fún mi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wo ọjọ́ tó wà lórí wọn. A ti sin wọ́n kí ẹ tó mú bírò, nítorí náà kì í ṣe ẹ̀bi yìnyín.

Kí àwọn lẹ́tà yẹn tó dé, ohun kan ṣoṣo ni mo dì mú: pé Bàbá mi ò mọ̀. Mo ń sọ ọ́ bí àdúrà. Bàbá mi ò mọ̀, páànù ló mọ̀, kò mọ èédú. Àná ni mo wá rí i pé ẹ mọ̀. Ẹ kọ bí n ó ṣe lu ihò. Ẹ kọ bí n ó ṣe to òkúta. Ẹ rántí kìlọ̀ fún mi pé kí páànù má gé mi lọ́wọ́. Kí ló dé, Bàbá? Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni. Má gbé e wọlé. Kí ló dé?

Mi ò lè kọ jù báyìí lọ.

*

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kìíní

Àkọ́bí mi,

Mo mọ̀.

Gbogbo ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló mọ̀. Kò sí oníbàárà tó ń ra sítóòfù èédú kúrò lọ́wọ́ mi tí n kò kìlọ̀ fún. Mo ti wá a títí nínú ara mi, ìdí tí n kò fi sọ ọ́ fún ọmọ tí mo bí, mo sì ti rí i. Inú mi dùn jù ni. Láti ìgbà tí o ti gbọ́njú ni o ti kẹ̀yìn sí iṣẹ́ mi. O ní ariwo òòlù ń fọ́ ọ létí, o ní o ò fẹ́ kí èékánná rẹ dúdú bíi tèmi. Inú lẹ́tà oṣù kẹwàá yẹn ni o ti kọ́kọ́ bi mí léèrè ohun tí mo mọ̀. Orí mi wú. Mo ń kọ̀wé, mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń pòwe. Ayọ̀ yẹn ló gbé mi fò kọjá ọ̀rọ̀ mẹ́rin. Ọmọ ọlọ́mọ méjì ni mo fi yọ̀.

Mi ò ní kí o dárí jì mí. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún yàtọ̀. Fi àdírẹ́sì ilé Oníbúrẹ́dì àti ti Tíṣà ránṣẹ́ sí mi. N ó kọ̀wé sí wọn, n ó sọ bí ó ṣe jẹ́, n ó wá ẹni tó gbọ́ èdè wọn tí yóò bá mi tú u. Ọ̀gá yín kì í ṣe ọ̀gá mi. Kò tọ́ kí ìyá kan máa ṣépè fún ọ̀tá lórí ohun tí èmi ṣe.

Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò ní kọ nǹkan kan mọ́, mi ò sì ní kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan mọ́. Ẹyin lohùn. Tèmi ti bọ́, ó sì ti fọ́ sórí ẹni ẹlẹ́ni.

Bàbá rẹ.

*

Ogún ọjọ́, oṣù kejì

Ọkọ mi,

Èmi ìyá rẹ ni. Fi ara da ọwọ́ ìkọ̀wé mi.

Mo ti ka gbogbo lẹ́tà náà. Bàbá rẹ kó wọn pamọ́ sábẹ́ àpótí irinṣẹ́, bíi pé n kò ní gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Mo sunkún ti àwọn ọmọ yẹn bíi pé inú mi ni wọ́n ti jáde. Lẹ́yìn náà ni mo dúpẹ́ pé ìwọ ni ìṣọ́ kàn. Ojú tì mí nígbà tí mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́.

Bàbá rẹ ti ti ṣọ́ọ̀bù. Ó já gbogbo sítóòfù tó so sí iwájú ilé, ó tà wọ́n fún àwọn tó ń kó irin jákujàku jọ. Bí oníbàárà bá kan ilẹ̀kùn, á ní ẹni tí wọ́n ń wá ò sí nílé. Tí mo bá ń dáná, ó máa ń dìde, kò ní sọ̀rọ̀, á lọ ṣí gbogbo fèrèsé, títí kan ti yàrá tí ẹnikẹ́ni ò sí. Òun tí kì í dákẹ́ tẹ́lẹ̀, tí mo máa ń bẹ̀ pé kó jẹ́ kí etí mi sinmi! Mo ti wá ń sọ̀rọ̀, mo tún ń dá ara mi lóhùn.

Kò ní kọ̀wé sí ọ mọ́, bó ṣe wí ni. Àmọ́ ọ̀nà tí apínlẹ́tà ń gbà wá ló ń wò láti àárọ̀ dalẹ́. Kọ̀wé sí i. Bó bá jẹ́ èébú ló wà nínú rẹ, kọ èébú náà. Má fi dídákẹ́ pa á fún mi.

Ìyá rẹ.

*

Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Màmá ló ní kí n kọ̀wé. Mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí ní àìmọye ìgbà.

Oúnjẹ inú agolo ṣì wà fún wa, ṣùgbọ́n wọ́n ti kó oríṣi oúnjẹ tuntun dé. Ó ní ọ̀rá kan tí èèyàn kàn máa da omi sí, á gbóná fúnra rẹ̀, kò ní iná, kò ní èédú. Àwọn tuntun tí wọ́n kó wá sínú ihò mi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Èmi, tútù ni mò ń jẹ tèmi. Mo gbìyànjú láti jẹ ẹ́ ní gbígbóná lẹ́ẹ̀kan, mo bì í.

Ẹ bèèrè àdírẹ́sì. Mo ní in. Mi ò ní fi ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, awakọ̀ gbé páálí kan wá, àwa tó wà nínú ihò Oníbúrẹ́dì ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ìyàwó rẹ̀ ló fi ránṣẹ́. Ó hun ìbọ̀wọ́ fún wa, ó sì kọ̀wé tẹ̀ lé e. Ó ní láti ìgbà tí ọkọ òun ti lọ sójú ogun, òtútù ló ń ba òun lẹ́rù ju ìbọn lọ, torí ẹni ìdí ààrò ni ọkọ òun, kò mọ òtútù rí. Ó ní nínú lẹ́tà tó kọ kẹ́yìn, ọkọ òun sọ pé òun ti rí iná yá, pé bàbá Àlejò ló kọ́ wọn. Ó ní nígbà tí wọ́n wá sọ fún òun pé ọ̀tá ti pa á, ohun tó ń tu òun nínú ni pé kò kú nínú òtútù. Ó ní, “Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá náà. Ẹ sọ fún un pé ọkọ mi móoru.”

Bàbá, kí ni ẹ fẹ́ kọ sí i? Òótọ́? Mo jókòó ti òótọ́ yẹn pẹ̀lú bírò lọ́wọ́ mi títí ọwọ́ mi fi kú. Tí mo bá sọ ọ́, mo gba ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Tí mi ò bá sì sọ ọ́, mo ti bá Ọ̀gá purọ́. Mi ò rí ọ̀nà kẹta. Mo kọ ọ́ sí i pé mo rí ìbọ̀wọ́ gbà, pé ó bá mi lọ́wọ́ mu, pé mo ti jẹ́ iṣẹ́ tó rán mi sí yín. Mi ò tíì jẹ́ ẹ nígbà yẹn. Mo wá ń jẹ́ ẹ nísinsìnyí, kó má baà di irọ́ méjì: ìyàwó Oníbúrẹ́dì ní ẹ ṣé o.

Mo bínú sí yín. Mi ò ní bò ó. Lọ́jọ́ míì mo máa ń jí, ìbínú yẹn ni mo fi ń dìde. Ṣùgbọ́n èmi ni mo dí ẹnu ọ̀nà pinpin, Bàbá. Ọwọ́ mi ló so bùláńkẹ́ẹ̀tì yẹn. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ bó ṣe ń ṣe mí, mi ò sì ní ẹlòmíì láyé yìí tí mo lè bá sọ ọ́. Ẹ ò wá gbọdọ̀ sọ pé ẹ ò ní kọ̀wé mọ́.

Yìnyín ti ń yọ́ níbí, gbogbo ilẹ̀ ti di ẹrẹ̀. Wọ́n ní lọ́jọ́ Ajé la ó lọ síwájú, sí òdìkejì odò. Awakọ̀ ní ọkọ̀ òun ò lè dé ọ̀hún, ibi tí òun lè bá wa gbé lẹ́tà dé mọ ní bèbè odò yìí. Èyí ló kẹ́yìn tí n ó lè fi rán an.

Ẹ ṣáà máa kọ̀wé sí mi, bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ mi.

Ọmọ yín.